Ike Àyẹ̀wò Tí Mo Fọ̀ Kí Ojú Má Baà Tì Mí

Ìwọ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ike kékeré, tó ní kí o lọ gbé ìgbẹ́ rẹ sínú rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé o ti ti ike náà bọ ìsàlẹ̀ báàgì, o sì ti fi ìborùn bò ó kí ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó nínú mọ́tò má baà rí i. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún ọ, torí ó kù díẹ̀ kó gbẹ̀mí mi. Bí o bá jù mí lọ tí mo sì ń pè ọ́ ní ìwọ, má bínú, ẹnu tísà ni. Má sì retí pé màá jókòó sójú kan kọ ọ́ tán. Ara mi kì í balẹ̀ láti kékeré; bí mo bá kọ ìlà mẹ́ta, màá dìde lọ wo ohun tó wà lórí iná, màá tún padà wá.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní agbègbè Àgbádárìgì. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni wọ́n gbé mi lọ sí Topo, ní òdìkejì ọ̀sà, ibi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ, òun náà la fi ń bọ̀. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí, iṣẹ́ wolé-wolé sì ni bàbá mi ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bí o kò bá mọ wolé-wolé, àwọn ni ìjọba máa ń rán wọ ilé onílé láti wo ìkòkò omi àti ilé ìgbẹ́, tí wọ́n sì ń kọ ìwé ẹ̀sùn fún ẹni tó bá dọ̀tí. Nílé tiwa, a kì í dúró de ìwé ẹ̀sùn. Bàbá mi á fi ìka ra abẹ́ tábìlì kí a tó jẹun àárọ̀. Nígbà tí èmi náà wá di tísà, ìmọ́tótó ni mo fẹ́ràn jù láti kọ́ àwọn ọmọ. Èékánná, etí, ọrùn, mo ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò láràárọ̀. Kò sí ọmọ tó kọjá lọ́wọ́ mi tí kò bẹ̀rù mi.

Orí ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àsìkò òjò ni, ìdánwò àwọn ọmọ sì ti sún mọ́lé. Iwájú orí mi ń fún mi bí ìgbà tí gèlè bá le jù, bẹ́ẹ̀ mi ò sì wé nǹkan kan. Mo ní oorun ni mi ò sùn tó. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ara mi á gbóná. Tó bá di àárọ̀, á rọlẹ̀ díẹ̀, màá sì lọ wọ ọkọ̀ mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì á tún gbóná ju ti àná lọ. Ẹnu mi korò. Ẹja yíyan tí èmi nìkan lè jẹ tán kí ẹnikẹ́ni tó bu omi mu, òórùn rẹ̀ wá ń rìn mí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko mi ò yàgbẹ́, nígbà tó sì máa bẹ̀rẹ̀, omi ni. Màá fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ìṣirò, màá sáré lọ sẹ́yìn ilé ìwé, màá sì padà wọlé bí ẹni pé fóònù ni mo lọ gbà.

Mi ò lè sọ ibi tí mo ti kó o. Ó lè jẹ́ kànga. Ó lè jẹ́ omi tí mo mu ní èbúté lọ́jọ́ tí oòrùn mú. Ó lè jẹ́ ọwọ́ ẹni tó bu ẹ̀wà fún mi. Mo da ọkàn ara mi láàmú lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo ń ka gbogbo ẹni tó ti fún mi lóúnjẹ bí ọlọ́pàá tó ń wá olè, asán ló sì já sí. Ìwọ má ṣe é.

Ohun tí gbogbo wa ń ṣe ní ìhà ibí ni mo ṣe: mo gba kẹ́míìsì lọ, ní Aradagun. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ gún mi níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó kán omi kan lé e, ó sì ń mì í síwá sẹ́yìn.

"Mà, taifọ́ọ̀dù yín ti di tú plọ́ọ̀sì o," ó ní. "Màléríà náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà lè fara da nǹkan o."

Ó gún mi lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì kó kápúsù pupa-òun-dúdú sínú ọ̀rá fún mi. Lọ́jọ́ kẹrin, ara mi tutù. Mo kó ìyókù kápúsù náà pa mọ́ sínú àpótí aṣọ, mo ní ó di ọjọ́ mìíràn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó tún fi dé. Mo padà lọ, ó di tírì plọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún sọ̀ kalẹ̀ di tú.

Mo ní, "Ṣé ó ń lọ ni àbí ó ń bọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí taifọ́ọ̀dù ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Èmi náà gbà. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ló ti ní plọ́ọ̀sì kan rí.

Ní àkókò yìí, síkẹ́ẹ̀tì mi ti ń yọ̀ nídìí. Ègùn ni ọkọ mi, ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Yorùbá Ìyá Àgbà já gaara, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti ká a lára, Ègùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó lọ já ewé, ó se é, ó gbé àgbo náà wá bá mi nínú ife, ó ṣì ń yọ èéfín.

"Vi ṣie, ọmọ mi, mu ún," ó ní. "Amasin yìí ni mo fi tọ́ ọkọ rẹ. Ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́."

"Ìyá, ẹ ṣeun, mi ò lè mu ún."

"Kí ló ṣe é?"

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe fọ ewé rẹ̀."

Ó wò mí títí. "Èmi ni mo fọ̀ ọ́," ó ní, ó sì gbé ife rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ikoga náà ń pè mí lórí fóònù, ó ní kí n wá gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ní ìjọ òun. Mo ní ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ láti ọjọ́ yìí, ààwẹ̀ wo ni wọ́n tún fẹ́ kó gbà? Ó ní mo ti ń sọ̀rọ̀ sí Ọlọ́run. Mo pa fóònù. Ọkọ mi, Bàbá Sẹ́nàmi, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ní: "Ṣé o ti lọ sí ọsibítù?" Ó ń bi mí láàárọ̀, ó ń bi mí lọ́sàn-án, bó bá wọlé láti ibi iṣẹ́, á tún bi mí kó tó bọ́ bàtà. Mo lọ kó lè jẹ́ kí n sinmi.

Èrò tó wà ní ọsibítù ìjọba lọ́jọ́ yẹn kúrò ní kékeré. A fi káàdì sílẹ̀ lójú fèrèsé kan, wọ́n ní kí a lọ jókòó síwájú yàrá mìíràn, lórí bẹ́ńṣì gígùn kan tí a ti ń sún ìdí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni iwájú bá ti wọlé. Èmi kò lè jókòó. Mo ń dìde, mo ń lọ wo ibi tí wọ́n pè dé, mo ń padà wá rí i pé ẹlòmíràn ti sún sí àyè mi. Bàbá àgbàlagbà kan tó dá mi mọ̀ wò mí, ó ní, "Tísà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó, ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ kí ìlà yìí gùn." Gbogbo bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín. Mo jókòó, inú ń bí mi.

Obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò pọ̀ ni dókítà náà. Ó tẹ ikùn mi, ó wo ahọ́n mi, ó bi mí iye ìgbà tí mo ti lọ sí kẹ́míìsì.

"Mà, a ti méfò tó," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká mọ orúkọ kòkòrò tó wà nínú ìfun yín, ká sì mọ oògùn tó ń pa á. Ó yẹ ká gba ẹ̀jẹ̀ yín náà, àmọ́ ìgò tí wọ́n ń gbà á sí ti tán, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ lọ gba ike, kí ẹ mú ìgbẹ́ wá láàárọ̀ ọ̀la."

Mo dé ojú fèrèsé yàrá àyẹ̀wò, mo na ìwé mi wọlé. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù funfun gbà á, ó ka orúkọ tó wà níbẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn fèrèsé náà.

"Ẹ káàárọ̀, mà! Ẹ̀yin nìyí? Èmi ni Mautin, mà. Ẹ kọ́ mi ní pírámárì tírì."

Mautin! Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́. Mo ti dá a padà sílé rí nítorí pé etí rẹ̀ dọ̀tí. Òun ló wá dàgbà, tó kàwé, tó di ẹni tí yóò ṣí ìgbẹ́ mi, tí yóò fi nǹkan wà á, tí òórùn rẹ̀ yóò gba imú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

"Bó bá ti tó ṣíbí kékeré kan, ó ti tó, mà," ó ní. "Ẹ má fi nǹkan kan fọ ike náà o, bó ṣe wà yẹn ló mọ́. Ẹ má sì lo oògùn kankan kí ẹ tó mú un wá."

"Mo ti gbọ́," mo ní. Mi ò wo ojú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú ike náà lọ sẹ́yìnkùlé. Mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, mo rí eruku lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Bóyá eruku wà níbẹ̀, bóyá kò sí. Ojú tèmi rí i. Èmi, ọmọ wolé-wolé, kí n fi ike eléruku gbé nǹkan ránṣẹ́ sí ọmọ tí mo kọ́ ní ìmọ́tótó? Oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́ wà nítòsí, irú èyí tó máa ń funfun bí wàrà tí a bá bu omi sí i. Mi ò tilẹ̀ bu omi sí i. Mo dà á sínú ike náà, mo mì ín, mo dà á nù, mo fi omi díẹ̀ ṣàn án. Díẹ̀ ni o, torí mo fẹ́ kí òórùn rẹ̀ ṣẹ́ kù síbẹ̀. Mo gbé ohun tí wọ́n ní kí n gbé sínú rẹ̀. Ó ṣì ń rùn. Mo kán oògùn náà lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo dé e pa tán, mi ò gbọ́ òórùn kankan mọ́ àfi ti apakòkòrò, inú mi sì dùn. Mo fi ọ̀rá mẹ́ta wé e, mo fi í sínú àpòòwé, mo fi ọwọ́ ìkọ̀wé tí mo fi ń kọ sójú pátákó kọ orúkọ mi sí i lára.

Bí mo ṣe yíjú, mo rí Ìyá Àgbà lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, ó ń rẹ́ ilá, ó ń wò mí. 

Nígbà tí mo lọ gba èsì lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n ní kò sí nǹkan kan tó hù. Mautin kò na ìwé náà sí mi lójú fèrèsé. Ó jáde wá, ó mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mà, ó ń yà mí lẹ́nu. Kò sí ẹni tó ń mí tí kòkòrò kò sí nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í pa èèyàn lára, àwọn náà sì máa ń hù lórí àwo wa. Tiyín, ẹyọ kan kò hù. Ó mọ́ ju ọwọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ lọ." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ẹ fi nǹkan fọ ike yẹn?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ lo oògùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni?"

"Mautin, ṣé mi ò gbọ́ nígbà tí o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni?"

Ohùn kíláàsì ni mo fi sọ ọ́. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ má bínú, mà," ó ní, ó sì padà wọlé.  Mo gbé èsì náà lọ bá dókítà. Ó yí ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó ní bí kò bá sí kòkòrò, a jẹ́ pé ọgbẹ́ inú ló ń da mí láàmú. Ó kọ oògùn ọgbẹ́ inú fún mi, ó ní kí n padà wá fún ti ẹ̀jẹ̀ bí ìgò bá dé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé irọ́ náà kiri inú ilé. Mi ò lè dùbúlẹ̀, mi ò lè jókòó. Màá lọ sẹ́nu ọ̀nà, màá padà. Màá ṣí fèrèsé, màá tì í. Mo to ìwé àwọn ọmọ tí mo ti máàkì, mo tú u ká, mo tún un tò. Mo gbé fóònù láti pe Mautin, mo gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e. Kí ni kí n sọ? Á sọ fún àwọn yòókù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sì máa fi mí ṣẹ̀sín, tísà tó fi apakòkòrò wẹ ìgbẹ́. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ara mi ń bí mi débi pé mo fẹ́ ju bírò. Ikùn mi ti ń wú. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, ó ń dùn mí. Ara mi kì í rọlẹ̀ láàárọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bàbá Sẹ́nàmi bi mí pé kí ni ọsibítù wí, mo ní wọn ò rí nǹkan kan. Ìyẹn kì í kúkú ṣe irọ́, òun ló jẹ́ kó rọrùn láti sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, Ìyá Àgbà wọ yàrá, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"O kò mu amasin mi, mo gbà," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo rí ẹ lọ́jọ́ tí o fọ ike."

Mo fa aṣọ ìbora bo ikùn mi.

"Èmi kò kàwé, vi ṣie. Nǹkan tí wọ́n ń wá nínú ike yẹn, ṣé kì í ṣe nǹkan tó wà láàyè ni?"

"Òun ni, Ìyá."

"Kí ló wá dé tí o pa á?"

Mo bú sẹ́kún. Mo ní ojú ló ń tì mí. Mo sọ fún un pé ọmọ tí mo kọ́ ló wà níbẹ̀, pé ó bi mí, mo sì purọ́ fún un. Ó nawọ́, ó rọra fi kan ikùn mi, mo ké.

"Pe ọmọ náà nísinsìnyí. Bí o kò bá pè é, èmi fúnra mi máa wọ ọ̀kadà lọ bá a, mo sì máa sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Mawu, Ọlọ́run mi, ń gbọ́ mi."

Mo mọ̀ pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo pè é.

"Mautin," mo ní, "mo fọ ike náà. Apakòkòrò ni mo fi fọ̀ ọ́, mo sì tún kán an sínú rẹ̀." Nígbà tí ẹnu mi sì ti ṣí, mo kúkú sọ ìyókù. "Mo lo kápúsù méjì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Irọ́ ni mo pa fún ọ."

Mo ń retí ẹ̀rín. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ ṣeun gan-an, mà. Inú yín ńkọ́?"

Mo ní ó wú, ó sì le. Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Mà, ẹ máa bọ̀ báyìí báyìí. Ẹ má wulẹ̀ pààrọ̀ aṣọ. Màá dúró dè yín lẹ́nu géètì."

Ó wà lẹ́nu géètì lóòótọ́, ike tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti nọ́ọ̀sì kan ló gba ohun tí wọ́n fẹ́ gbà, ojú ò tilẹ̀ ráyè tì mí. Wọ́n dá mi dúró, wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìrora kan gún mi nínú ikùn lójijì, ó sì tàn ká gbogbo ara. Dókítà náà sáré dé, ó tẹ ikùn mi, ó tú ọwọ́ sílẹ̀, mo pariwo. Ó pe ọkọ mi, ó sọ fún un pé kòkòrò náà ti jẹ ìfun mi títí ó fi dá ihò sí i, pé ohun tó yẹ kó wà nínú ìfun ti ń jò sínú ikùn, pé iṣẹ́ abẹ ló kù, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bàbá Sẹ́nàmi gba bírò láti fọwọ́ sí ìwé. Ó fọwọ́ sí i láì kà á.

Mo bi dókítà pé, "Ká ní mo ti sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn ńkọ́?"

 Ó ní kí n mí sínú.

Ẹ̀rù bà mí. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé ọkàn àwọn balẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Tèmi ò balẹ̀. Sẹ́nàmi, ọmọ mi obìnrin, ni mo ń rò, pé wọ́n á pè é wálé láti ilé ìwé, pé ẹnì kan á ní láti sọ ohun tó pa ìyá rẹ̀ fún un. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Pé ojú tì í?

Mo jí, báńdéèjì wà níkùn mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ibà kò lọ. Ara mi ṣì ń gbóná bí iná. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé oògùn tí wọ́n ń fún mi kò ràn án. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni Mautin wọ wọ́ọ̀dù pẹ̀lú dókítà, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"A ti rí i, mà," ó ní. Ó fi àwòrán hàn mí lórí fóònù rẹ̀: àwo pẹlẹbẹ kan tó ní nǹkan pupa bíi jẹ́lì nínú, tí nǹkan róbótó-róbótó hù sí lórí, àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan dúdú bí ojú edé. Ó ní oúnjẹ kòkòrò ni jẹ́lì náà. Ó ti fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ra ìgbẹ́ mi sí i, ó ti gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó gbóná níwọ̀n bí ara èèyàn ṣe ń gbóná, kí wọ́n lè hù. Àwọn kòkòrò tó jẹ́ ti ojoojúmọ́ ní àwọ̀ tiwọn. Àwọn olójú dúdú yìí ló ń wá. Ó ṣa díẹ̀ nínú wọn, ó sì kó wọn sínú ìgò tín-ín-rín tó ní oríṣiríṣi ṣúgà, torí kòkòrò kọ̀ọ̀kan ní ṣúgà tó ń jẹ àti èyí tí kì í jẹ, omi inú ìgò náà á sì yí àwọ̀ níbi tó bá ti jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn ló kán omi kan lé wọn, irú omi tó ń mú kí irú kòkòrò kan ṣoṣo so pọ̀ di wóró-wóró, tí kò sì ní ṣe àwọn yòókù ní nǹkan kan. Ó so pọ̀. Bí ìgbà tí mo bá ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà ni, ẹni tó ni orúkọ nìkan ló ń dáhùn. Taifọ́ọ̀dù gidi ni.

Mo ní, "Ṣebí kẹ́míìsì ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"Ó ṣe kòńgẹ́ ni, mà. Èyí tí wọ́n ń ṣe lórí gíláàsì yẹn, ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn ti pàdé nǹkan tó jọ ọ́ rí. Ta ni kò tíì pàdé ẹ̀ rí ní gbogbo etí omi yìí? Ṣùgbọ́n kò lè sọ oògùn tó máa pa á."

Ó fi àwòrán kejì hàn mí. Ó ti da kòkòrò tèmi sórí àwo mìíràn, ó sì to bébà róbótó kéékèèké sórí rẹ̀, oògùn kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìdí bébà àkọ́kọ́, àwọn kòkòrò náà hù títí dé etí rẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ún. "Kápúsù pupa-òun-dúdú yín nìyẹn, mà." Èkejì, èyí tí wọ́n ń fà sí mi lára lọ́wọ́, bákan náà. Ní ìdí ẹ̀kẹta, àyè róbótó kan mọ́ tónítóní yí bébà ká. "Ibi tó mọ́ yìí, gbogbo wọn ló kú níbẹ̀."

Wọ́n pa oògùn mi dà láàárọ̀ yẹn. Lọ́jọ́ kẹta, ara mi tutù, mo sì bèèrè omi ẹ̀kọ. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í di ọwọ́ Mautin mú ní gbogbo ìgbà tó bá wọlé, ó ń sọ pé, "Awanu, awanu," ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọkùnrin náà á fi máa sá fún un. Bàbá Sẹ́nàmi ta ẹ́ńjìnnì kan lára tirẹ̀ tó ń tọ́jú, ó fi san owó ọsibítù. Kò sọ fún mi, àyè rẹ̀ tó ṣófo ni mo rí nígbà tí mo délé.

Ọjọ́ tí mo máa kúrò ní wọ́ọ̀dù, mo bẹ Mautin pé kó má bínú sí mi. Ó wolẹ̀.

"Èmi ni kí n bẹ̀ yín, mà. Mo mọ̀ pé ẹ fọ ike yẹn. Mo gbọ́ òórùn apakòkòrò nígbà tí mo ṣí i. Ó yẹ kí n sọ fún dókítà lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ ò fọ̀ ọ́, mi ò sì lè pe tísà mi lónírọ́."

 Omijé bọ́ lójú mi. Gbogbo ìbẹ̀rù tí mo ti fi sí àwọn ọmọ lára láti ogún ọdún, tí mo ń pè ní ẹ̀kọ́ ilé, èmi fúnra mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa.

Nítorí náà, ìwọ tí ike wà nínú báàgì rẹ, má fọ̀ ọ́. Má fi omi gbígbóná ṣàn án, má fi ìyẹ̀fun olóòórùn sí i, má sì gbé oògùn mì kí o tó ṣe é. Ìdọ̀tí yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́. Gbé e lọ kó tó pẹ́ nílẹ̀. Bí o bá sì ti ṣe ohun tí wọ́n ní kí o má ṣe, sọ fún wọn kí o tó kúrò lójú fèrèsé. Wọ́n ti rí ìgbẹ́ tó burú ju tìrẹ lọ. Bí oògùn bá sì dé ọwọ́ rẹ, lò ó tán, kódà bí ara rẹ ti le ní ọjọ́ kẹta. Bí ìyá ọkọ rẹ bá gbé àgbo wá, o lè mu ún, o lè má mu ún, ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ní í sọ.

Ara mi ti yá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti tún ìgbẹ́ mi yẹ̀ wò láti rí i dájú pé kòkòrò náà kò fara pamọ́ sínú mi, wọn ò sì rí i. Síkẹ́ẹ̀tì mi ti ń dúró nídìí. Àpá wà níkùn mi tó máa ń hún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Mo ti padà sí Topo, mo ṣì ń yẹ èékánná wò, ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá wá sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé òun kò fọwọ́, mo ń ní kó lọ fọ̀ ọ́, ó parí.

Ìrora kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù báyìí, ẹnu mi ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ fi ara mi han dókítà náà. Ó wo àpá, ó tẹ ikùn, ó ní ó ń jinná dáadáa. Ó wá bi mí pé, "Ẹ ò gbé nǹkan wúwo ṣá, àbí?" Bí ó ṣe bi mí ni ẹnu mi ti ṣí, tí ẹ̀rín sì ti wà lójú mi. Mo fọwọ́ di etí tábìlì rẹ̀ mú.

"Mo gbé korobá omi méjì lánàá," mo ní. "Wọ́n bá mi wí nílé, mi ò gbọ́."

Ó bínú. Ó fi oṣù kan kún oṣù tó kù tí mi ò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo, ó kọ ọ́ sínú káàdì, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde, mo lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì gígùn yẹn, torí "rárá" náà ti wà lẹ́nu mi pátápátá, ó kù kó bọ́.